Fáìlì tí Mo Gbé Lọ sí Ijoun

Mo mọ iṣẹ́ mi, kò sí ìdí tí màá fi máa dọ́gbọ́n sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n ti bọ́dà àwa àti Bẹ̀nẹ̀ pa, tí ìjọba sì ní kí ọkọ̀ epo má dé ilé epo tó bá sún mọ́ ọn, gbogbo àwa oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yewa la ń wá bẹntiróòlù tá a máa fi tan jẹnẹrétọ̀ kiri. Èmi jókòó sí Ìlaròó, mo wá ọgbọ́n dá. Gbogbo ohun tí mo máa ń fi ọwọ́ tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí mo bá gbé ètò tuntun sórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tó ń pín iṣẹ́ fún àwọn yòókù, mo kọ ọ́ sínú fáìlì kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé fúnra ẹ̀. Iṣẹ́ tó ń gbà mí ní odidi òwúrọ̀ di ohun tó ń parí kí n tó mu gààrí tán. Mo ń fi yangàn káàkiri.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, sáfà ilé ìwé kan ní Ijoun, létí bọ́dà, kú. Ọjọ́ Ajé ni ìdánwò orí kọ̀ǹpútà wọn. Pírínsípà wọn, màmá kan tí kì í bá èèyàn ṣeré, gbé kẹ́ẹ̀gì epo méjì síwájú mi.

"Injiníà, ńlá yìí, ti ọjọ́ Ajé ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Kékeré yìí ni tìẹ. Tí sáfà ò bá jí, Abẹ́òkúta ni wọ́n ní kí àwọn ọmọ mi ti wá ṣe ìdánwò. Ta ló fẹ́ gbé wọn lọ?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Epo yìí máa ṣẹ́kù."

Mo da kẹ́ẹ̀gì kékeré sínú jẹnẹrétọ̀, mo tan án, mo gbé ètò tuntun sórí sáfà, mo so fóònù mi mọ́ ọn kó lè rí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ fáìlì mi, mo wá fẹ̀yìn ti àga. Kò pẹ́, iṣẹ́ dúró. Fóònù mi dún: wọ́n ń fi Faransé kí mi káàbọ̀ sí Bẹ̀nẹ̀.

Ìrẹsì ni wọ́n ti bọ́dà mọ́, wọn ò ti i mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Fóònù mi ti sọdá láìsọ fún mi, gbogbo dátà mi sì ti lọ. Ọmọ kékeré ní Ijoun mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ so fóònù mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Nàìjíríà, àmọ́ Ìlaròó, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Bẹ̀nẹ̀ kì í dé, ni mo ti dán fáìlì mi wò. Inú bí mi sí ara mi gan-an.

Màmá pa jẹnẹrétọ̀ fúnra ẹ̀.

"Èmi kì í tan sítóòfù tán kí n tó máa wá ata kiri," ó ní.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, torí òótọ́ ni. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ọjà-Ọ̀dàn, mo ra dátà, mo kó gbogbo ohun tí fáìlì mi máa ń wá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì sínú fúláàṣì. Mo tún àṣẹ kọ: má wá nǹkan kan níta, inú fúláàṣì ni kó o ti mú un.

Nígbà tí mo padà dé Ijoun, epo ti lọ sílẹ̀ nínú táǹkì. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo tẹ fáìlì. Mo kàn ń ṣe bí ọ̀gá ni. Ìlà ń sáré lójú ẹ̀rọ, kò dúró níbì kankan, títí ó fi parí. Màmá wọlé sórí ẹ̀rọ fúnra ẹ̀, ó rí ìbéèrè àkọ́kọ́. Ó fa epo tó kù nínú táǹkì, kò kún ìgò mínírà kan, ó dà á sínú kẹ́ẹ̀gì ńlá.

Lọ́jọ́ Ajé, ọmọbìnrin tó kẹ́yìn fi ìdáhùn rẹ̀ ránṣẹ́, sáfà sì gbà á. Kò tíì dìde lórí àga tí jẹnẹrétọ̀ fi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó kú.

Màmá wo kẹ́ẹ̀gì ńlá tó ti gbẹ, ó wá wò mí.

"Injiníà, epo rẹ ṣẹ́kù lóòótọ́."