Abẹ ò gbọ́ ẹ kú iṣẹ́

Bí ẹ bá kí àbúrò ìyá mi ní Òmù-Àrán nígbà tó bá ń gé aṣọ, kò ní dá yín lóhùn. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ní ìgbéraga ni. Àgékù ànkárá ló fi ń rán aṣọ ìbora. Ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ló fi abẹ róbótó tó ń yí bíi táyà ránṣẹ́ sí i, pẹ̀lú rúlà tí wọ́n la ojú tóóró tóóró sí lára. Inú ojú yẹn ni abẹ ń gbà kọjá. Àfi tó bá gé e dópin, tó sì pa abẹ dé, ló tó lè dáhùn. Lẹ́mọ́mù pàápàá dúró dè é rí.

"Ẹ má bínú, Àáfà. Abẹ ò gbọ́ ẹ kú iṣẹ́."

Lọ́jọ́ kan, ọkọ rẹ̀ gbé fóònù sáré wọlé. "Alhamdulilahi, ọmọ wa ti bí o."

Ọmọ tí a ti ń retí tipẹ́ nìyẹn. Àǹtí ju abẹ sílẹ̀ láàárín aṣọ, ó ń jó kiri àgbàlá. Èmi ni mo bá a pa abẹ dé.

Nígbà tó wọlé, mo ní, "Àǹtí, ẹ ò mà pa abẹ dé lónìí."

Ó nu ojú rẹ̀. "Ṣé mo sọ fún ẹ pé kò gbọ́ ẹ kú ewu ọmọ ni?"