Pápásan Òyìnbó àti Ìyá Tó Ń Gbálẹ̀

Mo dé ẹnu géètì ilé kan ní Mowe ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí n sì tó wọlé ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ipa ọwọ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Láti ẹsẹ̀ ògiri títí dé ìdí fẹ́ǹsì, ó tò tẹ̀léra lójú ilẹ̀ pupa náà bí ipa ìyarun lórí ọmọdé. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Lọ́jọ́ tí mo kúrò níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, pápásan ló bo gbogbo ibẹ̀, òdòdó rẹ̀ pupa, funfun àti yẹ́lò. Báyìí, ẹyọ ewé kan kò sí.

Mo gbé agbọ̀n mi sílẹ̀, mo sì dúró.

"Ẹ káàárọ̀ o." Ìyá àgbàlagbà kan ló kí mi. Wọ́n jókòó lórí àpótí lábẹ́ òrùlé, ọwọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọkọ́ wà lẹ́yìn ọwọ̀. Mi ò rí wọn nílé yẹn rí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń wá ṣiṣẹ́ nínú ọgbà? Ẹ pẹ́ jù. Mo ti bá yín ṣe é. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ro ó."

Kí n tó sọ ohun tí mo fi dá wọn lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n ro kúrò nílẹ̀.

Gbogbo ẹni tó bá ti dé oko rí ló mọ pápásan, ewéko tó ń rákò nílẹ̀, tí ẹ̀ka rẹ̀ pupa, tí ewé rẹ̀ sanra tí omi kún inú rẹ̀. Àwa a máa já a fún ehoro. Èyí tí mo ń gbìn jẹ́ ìbátan rẹ̀, ṣùgbọ́n ewé tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, òdòdó rẹ̀ sì tóbi. Ó ní orúkọ gígùn kan tí ahọ́n mi ò gbé. Pápásan òyìnbó ni mo ń pè é, àwọn oníbàárà mi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Bí oòrùn bá ràn dáadáa láàárọ̀, òdòdó rẹ̀ á là. Bí ọ̀sán bá ń rọ̀, á padé. Ẹni tó bá ń lọ Èkó lójoojúmọ́ lè gbé pẹ̀lú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà kó má rí òdòdó náà àfi lọ́jọ́ Sátidé.

Ọ̀dọ̀ Bàbá Sùlé ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ewéko. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti wá, Ìbàfò ni wọ́n ń gbé. Ìwé kẹrin ni mo kà mọ, wọn ò sì fi ìwé kọ́ mi. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe ní Ìbàfò, mo gbin pápásan sí ilẹ̀ àbàtà, mo ń bomi rin ín láàárọ̀, mo ń bomi rin ín nírọ̀lẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, gbogbo rẹ̀ ti rà bí ẹ̀fọ́ tó sùn nínú ike. Bàbá Sùlé fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, òùngbẹ kì í pa á. Ìkẹ́ ló ń pa á."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ máa wò ó lásán, Bàbá?"

"Bí ọwọ́ bá ń yún yín, ẹ lọ fọ aṣọ."

Oòrùn tó le, ilẹ̀ tí omi ń jò kúrò nínú rẹ̀, àti ọwọ́ tó lè ní sùúrù: ohun tó fẹ́ nìyẹn. Mo fi ìmọ̀ yẹn jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́bàá títì, kí wọ́n tó fẹ títì náà tí ààyè mi fi bá a lọ. Iwájú yàrá tí mo háyà ní Mowe nìkan ló kù tí mo ń kó ewéko sí. Bọ́sẹ̀, ọmọ mi obìnrin tó ń gbé ní Ìfọ̀, wá tẹnu mọ́ ọn pé, "Màámi, ó ti tó. Ẹ wá jókòó tì wá." Ó tiẹ̀ ti ra àga kan sí ẹnu ọ̀nà wọn dè mí.

Àkókò yẹn ni Ọ̀gá Múyìwá, onílé tí mo ń sọ yìí, rí òdòdó iwájú yàrá mi. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni ilé tiẹ̀ wà, àgbàrá sì ti wọ́ erùpẹ̀ lọ títí ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì rẹ̀ fi yọ síta. Ó fẹ́ da kọnkéré sí gbogbo rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n fi pápásan bò ó, pé á di erùpẹ̀ mú. Ó rò ó, ó ní, "Màmá, mo fún yín títí di òjò ńlá àkọ́kọ́. Bí erùpẹ̀ bá tún lọ, kọnkéré ni." Mo sọ fún Bọ́sẹ̀ pé bí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́, màá di ẹrù mi wá sí Ìfọ̀. Mi ò tàn án. Kò sí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ mi.

Ohun tí ìyá yẹn ro dànù nìyẹn.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ta ló ní kí ẹ ro ó?"

"Ṣé wọ́n máa ń rán àgbà níṣẹ́ ìmọ́tótó ni? Èmi ni ìyá Múyìwá. Mo ti Ìkirè dé lọ́jọ́ Ẹtì, mo bá koríko nínú ọgbà ọmọ mi, kò tiẹ̀ tijú, ó ń tan òdòdó. Mo ní ọmọ yìí ti di ọ̀lẹ. Ejò lè fara pamọ́ síbẹ̀."

"Èmi ni mo gbìn ín, mà."

"Ẹ gbin kí ni?"

"Koríko yẹn."

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Pápásan? Ẹ fọwọ́ ara yín gbin pápásan? Ní Ìkirè, bí àna bá bá pápásan lágbàlá ẹni, ìdúró ni yóò kí èèyàn tí yóò fi lọ. Múyìwá sì gbà?"

"Ó gbà, mà. Ó fẹ́ kó di ilẹ̀ mú kí fẹ́ǹsì má wó."

Wọ́n yíjú sí fẹ́ǹsì. Wọ́n rí ìpìlẹ̀ tó yọ síta.

"Háà. Ó sì jẹ́ pé Múyìwá kò tíì rí i láti Ajé tí mo ti ń ro ó. Òkùnkùn ni òun àtìyàwó rẹ̀ fi ń jáde, òkùnkùn ni wọ́n fi ń wọlé. Ọ̀túnla ni Sátidé."

Mo ronú pé kí n gbé agbọ̀n mi, kí n pe Bọ́sẹ̀ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n dà á sí.

"Orí ààtàn lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣáná sí i. Kò jó. Èéfín lásán ló ń rú."

Mo ní kí wọ́n mú mi lọ síbẹ̀. Apá òkè òkìtì náà ti rọ, iná sì ti sun igun kan dúdú. Mo fọwọ́ tú abẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀ka tó wà níbẹ̀ ṣì le, omi inú wọn kò tíì gbẹ. Òun náà ni kò jẹ́ kí iná rí wọn jó. Àwọn kan ti ń yọ gbòǹgbò funfun tín-ín-rín sínú eérú. Ọ̀kan tiẹ̀ ti tan òdòdó pupa lórí ààtàn.

Ìyá Ìkirè bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Aláìlójútì ni koríko yìí o."

"Ìdí tí mo fi ń gbìn ín nìyẹn, mà."

A kó o wọlé. Àwọn tó ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀, a yọ wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn tó le, mo gé wọn ní gígùn ìka kan, mo já ewé ìsàlẹ̀ wọn. Ọwọ̀ ti mú kí ojú ilẹ̀ le, nítorí náà mo ní kí Ìyá fi ọkọ́ họ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ní ìdábùú òkè, kí omi tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lè máa bá ewéko pàdé. A fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí àárín ẹ̀ka kan àti èkejì. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn gbìn. Ọwọ́ wọn yá ju tèmi lọ. Nígbà tí a parí, wọ́n bu omi sí garawa.

"Ẹ má fún un lómi, mà. Ó di ọ̀la."

"Kí n wá máa wò ó?"

"Ẹ lọ fọ aṣọ."

"Ẹ̀rọ ló ń fọ aṣọ níbí."

"Ẹ lọ dáná."

"Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan gáàsì."

"Ẹ lọ gbálẹ̀ nígbà náà."

Wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ilẹ̀ yẹn nìkan ni iṣẹ́ tí mo rí ṣe." Àga tí Bọ́sẹ̀ rà ló wá sí mi lọ́kàn.

Mo padà lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀gá Múyìwá jáde, ó bá àwọn ẹ̀ka kúkúrú tó tẹrí ba.

"Màmá, òdòdó dà?"

Kí n tó la ẹnu, ìyá rẹ̀ ti sọ̀rọ̀. "Èmi ni mo ro ó dànù. Mo pè é ní koríko."

Ọ̀gá wo ìpìlẹ̀ fẹ́ǹsì. Ó ní, "Kò burú, Màámi. Màá pe bíríkìlà lọ́jọ́ Ajé. Òjò ti sún mọ́lé."

Ìyá gbé àpótí wọn, wọ́n gbé e sí àárín ilẹ̀ náà, wọ́n jókòó. "Kó da kọnkéré náà lé mi lórí. Ẹ ní kí n wá sinmi, mo wá. Ẹ ní kí n má fọ abọ́, mi ò fọ̀. Èyí tí mo fọwọ́ mi bà jẹ́, jẹ́ kí n fọwọ́ mi tún un ṣe."

Ọmọ wọn yíjú sí mi. "Ṣé á dì í mú?"

"Bí òjò bá fún wa láyè, ó lè dì í mú. Mi ò lè búra fún yín."

Ó mí kanlẹ̀. "Títí di òjò ńlá àkọ́kọ́. Bí a ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ náà ni."

Òjò fún wa ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá kò bomi rin ín àfi ìgbà tí mo bá ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fọwọ́ fa èpò, wọ́n ń já orí ẹ̀ka tó bá ń ga jù kó lè tàn kálẹ̀, wọ́n sì ń ti èyí tí wọ́n bá já bọ ilẹ̀. Ọjọ́ tí òjò náà wá dé, láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ ló rọ̀. Mi ò lè jáde. Mo jókòó sínú yàrá, mo ń gbọ́ ọ lórí páànù.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ìyá àti ọmọ nídìí fẹ́ǹsì. Ọ̀gá kò tíì lọ síbi iṣẹ́. Àgbàrá ti gbé ìlà méjì lọ ní igun ìsàlẹ̀. Ìyókù wà níbi tí a gbìn ín sí, yanrìn sì ti kó jọ sẹ́yìn wọn. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kan ìpìlẹ̀. Kò yọ síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ẹ tún igun yẹn gbìn," ó ní, ó sì lọ síbi iṣẹ́.

Mo sọ fún Bọ́sẹ̀ pé kó ṣì máa fi aṣọ bo àga náà. Nígbà tí Ìyá Ìkirè ń padà sílé, wọ́n gbé ẹ̀ka pápásan òyìnbó dání nínú ọ̀rá. Mo bi wọ́n léèrè bí àna wọn kò ní bínú. Wọ́n ní, "Á jókòó dandan. Èmi náà ni màá sọ orúkọ rẹ̀ fún un."

Bí wọ́n bá pè mí síṣẹ́ báyìí, ní Ìbàfò tàbí ní ọ̀nà Ọ̀fàdà, mo máa ń wo oòrùn, mo máa ń wo ibi tí omi ń gbà, bí Bàbá Sùlé ṣe kọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń béèrè èyí tí wọn ò kọ́ mi: "Ta ló ń gbálẹ̀ níbí?" Bí wọ́n bá fi ẹni náà hàn mí, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń fi ẹ̀ka àkọ́kọ́ sí, kó gbìn ín fúnra rẹ̀ kí n tó gbin ìyókù.