Nígbà Tí Ọwọ́ Ìyá Mi Kò Lè Pọ́n Ẹ̀kọ Mọ́

Òórùn ògì tó ń hó lórí iná ló wọlé tọ̀ mí wá láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó kọjá. Mo ti kírun Àsùbáà tán, mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí oríkèé ìka mi tó ti gan látòru lè dẹ̀ díẹ̀. Ìyàwó ilé kejì ló ń ro ẹ̀kọ. Òórùn náà kan díẹ̀, ó sì dùn díẹ̀. Ẹni tí kò bá dàgbà nídìí ìkòkò ẹ̀kọ lè yínmú sí i, ṣùgbọ́n ní tèmi, ṣe ni mo pa ojú dé. Òórùn ìyá mi ni.

Ẹlẹ́kọ ni ìyá mi ní agboolé wa ní Ìwó níbí, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bàbá mi ń ṣe àgbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú kí oòrùn tó gòkè. Àwọn tí wọ́n mọ̀ wá dáadáa máa ń sọ pé àkùkọ àdúgbò gan-an ń dúró kí ìkòkò ìyá mi hó kó tó kọ. Bí àwa ọmọ bá gbé wàláà lé orí eékún tí à ń ké, tí èéfín ẹ̀kọ bá ti yọ láti ẹ̀yìnkùlé, ohùn wa á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Bàbá mi á mi orí, wọ́n á ní etí kan la fi ń gbọ́ tàwọn, imú méjèèjì la fi ń gbọ́ ti ìyá mi.

Ẹ̀yin ọmọ òní tí ẹ ń ra ẹ̀kọ inú ọ̀rá, ẹ lè má mọ iye iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe nínú ẹ̀kọ ewé. Wọ́n á rẹ àgbàdo títí yóò fi rọ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á da á sínú aṣọ asẹ́, wọ́n á sì máa fún un, kí funfun rẹ̀ lè jáde kí èérí kù sílẹ̀. Ìfún yẹn ni iṣẹ́. Lẹ́yìn tó bá ti tòrò tó sì ti kan, wọ́n á rò ó lórí iná, wọ́n á fi orógùn yí i títí apá á fi fẹ́ já. Nígbà tó bá jinná, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Gbígbóná ni wọ́n ń pọ́n ọn, torí bó bá tutù, á dì mọ́ ìkòkò, ó di kí wọ́n gbé e fún ewúrẹ́. Ọwọ́ ìyá mi yá tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ọmọdé kì í lè tẹ̀ lé e. Wọ́n á tẹ́ ewé sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, wọ́n á bu ẹ̀kọ sí i, wọ́n á ṣẹ́ ẹ níhìn-ín, wọ́n á ká a lọ́hùn-ún, kí o tó ṣẹ́jú, òmíràn ti dé inú apẹ̀rẹ̀.

Ìyá Kékeré ló ń bá wọn ṣiṣẹ́. Ràlíátù ni orúkọ wọn, ìyàwó kejì tí bàbá mi fẹ́ wá láti Ilé-Ogbó. Wọ́n ga, wọ́n kì í fọhùn púpọ̀, bí wọ́n bá sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n á fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n ní ti ká pọ́n ẹ̀kọ, Ọlọ́run ò tíì fún wọn. Ẹ̀kọ tiwọn máa ń tú bí ìdí ìró ọmọdé. Àwọn oníbàárà wa mọ̀ ọ́n yàtọ̀, wọ́n á ṣà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ní, "Ẹ bá wa mú ti ìyáálé, ẹ jẹ́ kí ọkọ ìyàwó jẹ ti ìyàwó." Ìyá mi á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì tún un pọ́n.

Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọyẹ́ mú gan-an. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé láàárọ̀, ìyá mi kò lè di ẹ̀ṣẹ́. Ìka wọn wú níbi oríkèé, ó ta kókó bí ara igi gúáfà, ìdí àtàǹpàkò wọn sì máa ń ro wọ́n débi pé bí wọ́n bá fẹ́ gbé igbá, ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ń fi há a mọ́ àyà. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ń sọ pé ọyẹ́ ni. Títí di ọjọ́ tí igbá ògì já bọ́ lọ́wọ́ wọn lójú gbogbo ilé, tí funfun ṣàn títí dé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ kéwú.

Bí Ìyá Kúta ṣe dé nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni wọ́n, Kúta ni wọ́n lọ́kọ sí, bí ohun kan bá sì ṣe nílé wa, wọ́n á ti gbọ́ kí àwa tí a wà níbẹ̀ tó gbọ́. Wọ́n mú ọwọ́ ìyá mi, wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn.

"Ìyàwó mi, ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kì í ṣàdédé wú. Láti ìgbà tí o ti ń pọ́n ẹ̀kọ, ṣé ó ṣe ọ́ báyìí rí kí àlejò tó wọlé dé?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀," ni ìyá mi wí. Ṣùgbọ́n ohùn wọn kò ní agbára.

Ìyá Kékeré wà lẹ́yìn ògiri níbi tí wọ́n ti ń nu ewé. Mo ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà. Wọn kò sunkún. Ewé kan ṣoṣo ni wọ́n ń nù, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń nù ún, títí ewé náà fi ya mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìyá Kúta mú ọkùnrin kan wá tó sín gbẹ́rẹ́ sí oríkèé ìka ìyá mi, tó fi ẹbu dúdú ra á, tó sì fi aṣọ dì í le koko pé kí wọ́n má tú u. Nígbà tí wọ́n tú u, ọwọ́ náà gan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tún wá burú sí i nínú ilé. Bí Ìyá Kékeré bá na ọwọ́ sí ìkòkò, ìyá mi á ní, "Fi í sílẹ̀, màá ṣe é." Wọn kì í pariwo, wọn kì í bú ara wọn. Bàbá mi kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹnu ba ẹnìkejì jẹ́ nínú ilé àwọn, wọ́n gbé àdá, wọ́n lọ sóko. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìkìlọ̀ ọkọ kì í wọ inú ilé ìdáná jìnnà. Ìyá Kékeré kò bá wa jẹun mọ́. Èmi ọmọdé tí mo ti máa ń sùn sórí ẹní wọn nígbà tó bá wù mí, wọ́n ní kí n máa lọ bá ìyá mi.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ ọjà kan. Ìyá mi sọ ìkòkò kalẹ̀, wọ́n jókòó tì í, wọ́n mú ewé. Ọwọ́ kọ̀. Ewé ṣí, ẹ̀kọ gbígbóná dà sí wọn nítan. Wọ́n jẹ eyín, wọ́n mú ewé mìíràn, ó tún tú. Mo fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, ooru rẹ̀ kò jẹ́. A jọ ń wo ojú ẹ̀kọ náà bó ṣe ń mú awọ, bẹ́ẹ̀ àwọn oníbàárà ti ń kí wa láti ìta.

Ìgbà náà ni Ìyá Kékeré yọ jáde láti yàrá pẹ̀lú ẹrù lórí.

"Ràlíátù, níbo lò ń lọ?"

"Ilé wa ni, Ìyáálé mi." Wọ́n kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹrù náà lórí. "Bí mo bá lọ, bóyá ọwọ́ yín á san. Bó bá sì san, inú mi á dùn."

Ìyá mi wo ọwọ́ ara wọn lórí itan bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, omi ti bọ́ lójú wọn.

"Gbé ẹrù yẹn kalẹ̀. Ọwọ́ ìyá tó bí mi lò ń wò yìí. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí kí wọ́n tó kú, èmi ni mo máa ń bá wọn so ìró. Láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù ló bà mí. Ó dùn mọ́ mi nínú kí ó jẹ́ pé ẹnìkan ló ṣe é, torí ẹni tó ṣe nǹkan, wọ́n lè bẹ̀ ẹ́ kó tú u. Èyí tó jẹ́ ti ìran, ta ni mo fẹ́ bẹ̀? Ràlíátù, dárí jì mí."

Ìyá Kékeré sọ ẹrù kalẹ̀. Wọ́n nu ojú, wọ́n bu omi ṣan ọwọ́, wọ́n fa àpótí sí iwájú ìyá mi.

"Ìyáálé mi, ẹ̀kọ ti ń dì o."

Ẹ̀rín tó bú jáde lẹ́nu àwọn méjèèjì, àwọn oníbàárà gbọ́ ọ níta. Ìyá mi ń tẹ́ ewé, Ìyá Kékeré ń bu ẹ̀kọ, wọ́n ń ká a. Ẹ̀kọ ọjọ́ náà kò dára lójú rárá, ó rí wúrúwùru, òmíràn ní ìdí méjì. Ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà kan tó ṣà á sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí Ìyá Kúta tún dé, ìyá mi sọ fún wọn níṣojú bàbá mi bí ọwọ́ ìyá tó bí òun ṣe rí. Ìyá Kúta jiyàn díẹ̀, wọ́n kùn díẹ̀, wọ́n sì lọ. Wọn kò fi ẹnu sọ pé àwọn ṣìnà, wọn kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àdín ni wọ́n rù wá nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, ìgò ńlá kan, wọ́n ní kí Ràlíátù máa fi ra ọwọ́ ìyáálé rẹ̀.

Ọwọ́ ìyá mi kò padà sí bó ṣe wà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ ni wọ́n yí padà. Wọn kò fún ògì mọ́. Inú àpò ni wọ́n ń dà á sí, Ìyá Kékeré á gbé òkúta lé e, a ó fi í sílẹ̀ kí funfun rẹ̀ máa ro jáde fúnra rẹ̀. Wọ́n fi àkísà we ọwọ́ orógùn kó lè nípọn, torí ohun tín-ín-rín ló ń ni ìka lára jù láti dì mú. Bí ọwọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n, wọ́n á dìde, wọ́n á lọ kí ará ilé, kí wọ́n tó padà jókòó. Ahọ́n ìyá mi ló ń mọ ìgbà tí ògì kan dé ojú ìwọ̀n, ọwọ́ Ìyá Kékeré ló ń ṣe ìyókù. Kò pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi mọ ẹ̀kọ ìyáálé yàtọ̀ sí ti ìyàwó mọ́.

Nígbà tí ìka tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó, lẹ́yìn tí mo ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ olùkọ́, mo mọ ohun tó ń bọ̀, síbẹ̀ jìnnìjìnnì bò mí. Mo ti ń ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri, títí inú fi ń ta mí. Ọmọ mi obìnrin ló fi dandan gbé mi lé kẹ̀kẹ́ lọ sí ọsibítù. Dókítà ní kèrékèré tó rọ̀ láàárín eegun ìka ló ti ń gbó. Ó ní àrùn náà kò ní lọ pátápátá, ṣùgbọ́n kò ní sọ mí di arọ, kí n sì jáwọ́ nínú oògùn tí ẹnikẹ́ni kò kọ fún mi. Ọ̀dọ́bìnrin kan níbẹ̀ kọ́ mi bí mo ṣe lè máa ṣí ìka, kí n máa pa á dé, kí n máa fi àtàǹpàkò kan ìka kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n máa fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìkòkò, kí n má máa fi ìka kan ṣoṣo fa ohun tó le.

"Màmá, ẹ máa lò ó o," ló wí. "Ẹ má fi ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, ẹ má sì gbé e pamọ́."

Mò ń lò ó. Omi gbígbóná díẹ̀ ni mo fi ń ṣe àlùwàlá nígbà ọyẹ́. Ọ̀bẹ tí mo fi ń bẹ iṣu ní ìdí tó nípọn. Tẹ̀súbáà mi, mo pààrọ̀ rẹ̀ sí oníkóró ńlá, mo ń fi ka orúkọ Ọlọ́run, ìka mi ń rìn lórí rẹ̀. Àárọ̀ kan wà tí ọwọ́ mi á ní òun ò gbọ́, màá jókòó, màá mú sùúrù fún un. Àárọ̀ mìíràn, kí oòrùn tó yọ, mo ti di gèlè mi fúnra mi.

Nígbà tí ìyá mi jáde láyé, wọ́n ti gbó kùjẹ́kùjẹ́. Àwa obìnrin ilé la wẹ̀ wọ́n. Ẹnìkan fẹ́ fa ìka wọn kó lè nà. Ìyá Kékeré, tí irun tiwọn náà ti funfun, mú un lọ́rùn ọwọ́.

"Ẹ rọra mú ọwọ́ yẹn," ni wọ́n wí. "Ó máa ń dùn wọ́n."

Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ ọlọ lọ́wọ́ wa, ọ̀rá ti gba ti ewé. Ohun tí à ń fi gbẹ́rẹ́ wá kiri nígbà náà, dókítà ń rí i nínú àwòrán eegun. Mo dúpẹ́ fún gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan kò tíì yí padà: bí ara bá ń ro ènìyàn, ẹ̀rù á máa wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ẹ̀yin ọmọ mi, bó bá dé ilé yín, ẹ má ṣe wá ẹni tó ṣe é kiri. Ẹ wá ẹni tí yóò jókòó tì yín, kí ẹ jọ ṣe ìwọ̀n tí ọwọ́ lè ṣe lọ́jọ́ náà.