Ilẹ̀kùn Bàbá Lórí Tábìlì Afẹ́fẹ́

Ẹ sún mọ́ mi. Bí mo bá pè, kí ẹ dáhùn. Ìtàn yọ lókèèrè o!

"Kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa!"

Ó rọra ń bọ̀, ó fò kọjá orí ìjàpá, ó bà lé orí obìnrin agbẹ́gi kan tí àdúgbò ń pè ní Aláfẹ́fẹ́.

Ẹ̀rọ ló fi ń gbẹ́gi. Kọ̀ǹpútà ló ń darí abẹ ẹ̀rọ náà, abẹ á sì máa yí bí òòyì. Kì í kan ìṣó mọ́ pákó, kì í fi irin há a. Ihò wẹ́wẹ́ ló wà lójú tábìlì, pọ́ǹpù kan sì wà nísàlẹ̀ tó ń fa afẹ́fẹ́ gba inú wọn. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ife bo ẹnu, tí ẹ ó fa èémí, tí ife á lẹ̀ mọ́ yín lẹ́nu? Bẹ́ẹ̀ ni pákó ṣe ń lẹ̀ mọ́ tábìlì. Bí afẹ́fẹ́ bá rí ibi jò wọlé, pákó tú nìyẹn, abẹ á sì gbá a sọnù bí ẹni gbá bọ́ọ̀lù.

Oyún Aláfẹ́fẹ́ ti wọ oṣù rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan wá. Ọkọ ìyá náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án kó tó kú, kò sì sí ohun mìíràn tó kù nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìyá ní kí wọ́n gbẹ́ ẹyẹ mẹ́ta sí i, kí wọ́n fi ṣe orí ibùsùn ọmọ tó ń bọ̀. Ó wá fìdí kalẹ̀ sórí àpótí, ó ní òun ò lọ ibì kankan.

"Ìyàwó mi, níbo ni ìṣó wà?"

"Kò sí ìṣó, Màmá. Afẹ́fẹ́ ló ń dì í mú."

"Afẹ́fẹ́ tó ń gbé aṣọ mi lọ lórí okùn yìí náà?"

Aláfẹ́fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò kọjá eyín. Ó fi rọ́bà bo àwọn ihò tí pákó ò dé, ó tan pọ́ǹpù, ó ń wo bí ọwọ́ aago tó ń wọn agbára afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣe ń gòkè. Ó fi gbogbo agbára ti pákó, kò mì. Ó tan abẹ.

Ẹyẹ kìíní jáde, ó dára. Ìkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ orí ni ohùn pọ́ǹpù yí padà, tí nǹkan ń dún fìì. Ọwọ́ aago ń wálẹ̀. Aláfẹ́fẹ́ sún mọ́ tábìlì. Ó yẹ rọ́bà wò, kò ṣí. Pákó mì díẹ̀ báyìí, ó sáré dá abẹ dúró. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ pa pọ́ǹpù, torí bí pákó bá kúrò láyè rẹ̀, abẹ ò ní mọ ibi tó bá iṣẹ́ dé mọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kòkòrò jẹ pákó yìí rí?"

Ìyá wolẹ̀. "Mo ti fi kẹrosíìnì pa wọ́n."

"Ihò wọn ńkọ́?"

"Ọṣẹ ni mo fi dí i lójú òkè, mo wá kun pọ́líìṣì lé e. Mo rò pé bí o bá rí ihò, o ó ní kí n máa gbé igi tí kòkòrò ti jẹ lọ."

Abẹ ti ha ọṣẹ náà dànù, afẹ́fẹ́ wá ń gba ihò kòkòrò wọlé.

Aláfẹ́fẹ́ ò bá a jà. Ó bu lẹ́búlẹ́bú igi, ó wọ́n ọn sójú ibi tí abẹ ti gbẹ́. Níbi tí ihò wà, lẹ́búlẹ́bú náà ń rì wọlé. Ìyá ń nàka sí i, Aláfẹ́fẹ́ ń fọwọ́ rọ ìda àbẹ́là, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Òógùn bò ó. Ọmọ inú ń ta á nípàá, kò ráyè tirẹ̀.

"Ó ku ọ̀kan nídìí ẹyẹ," ni ìyá wí, "àbí o fẹ́ kó máa só ni?"

Ọwọ́ aago gòkè, ó dúró. Aláfẹ́fẹ́ tan abẹ padà. Àwọn méjèèjì ń ṣọ́ ọwọ́ aago títí ẹyẹ kẹta fi yọ ìyẹ́.

Nígbà tí ariwo pa, wọ́n rí i pé ọrùn ẹyẹ kejì wọ́ níbi tí pákó ti mì. Aláfẹ́fẹ́ kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú."

Ìyá fọwọ́ pa ọrùn náà lọ, ó pa á bọ̀. "Bí bàbá wọn ṣe máa ń gbé ọrùn nìyẹn bó bá ń hanrun. Dìde, olóyún. Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ìtàn mi wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ dìde, ẹ lọ sùn. Kí ẹnì kan bá mi gbé èyí tó ti sùn lọ lẹ́sẹ̀ mi yìí.