Omi Tí Tíṣà Sìdíkàt Dà Sí Mọ́ṣúdù Lára

Tíṣà Sìdíkàt kì í jókòó. Bẹ́ ẹ bá rí i nílé-ìwé wa ní Láfẹ́nwá lọ́dún 1983, ẹ ó ní ìjàlọ ló wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Á dé ojú fèrèsé, á padà, á fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ kan, á tún dé ẹnu ọ̀nà. Èmi Fọlákẹ́mi, tí kíláàsì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, á ní kó jọ̀ọ́ kó fìdí kalẹ̀, ìrìn rẹ̀ ń kó àárẹ̀ bá mi. Á ní ẹ̀gbọ́n, àwọn ọmọ yìí ń jóná.

Kò parọ́. Nígbà tí ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, ọmọ ya wọlé-ìwé, wọ́n bá sáré kọ́ kíláàsì mẹ́rin fún wa: páànù lórí, kò sí àjà, fèrèsé kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo. Ọmọ méjìlélọ́gọ́ta ló wà nínú tirẹ̀. Lóṣù kẹta, tó bá ti di ọ̀sán, orí á máa fọ́ wọn, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde nímú àwọn mìíràn, wọ́n á gbórí lé tábìlì, àwa á ní ọ̀lẹ ni wọ́n. Èmi gan-an ti na ọmọ nítorí ẹ̀.

Ọmọ oníṣòwò aṣọ ni Sìdíkàt. Bàbá rẹ̀, Alhaji, fẹ́ kó jókòó ti ìsọ̀, àmọ́ iṣẹ́ tíṣà ló wù ú. Ó lọ bẹ ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ládépọ̀, pé kó jẹ́ kóun kó àwọn ọmọ lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ọ̀gá ní bí alábẹ̀wò bá dé ńkọ́, tó bá àwọn ọmọ níta bí ewúrẹ́? Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta, títí ọ̀gá fi lé e jáde ní ọ́fíìsì. Ló bá ra ìkòkò omi kan, ó gbé e sí igun kíláàsì, ó ń bù fún wọn mu. Inú bí mi. Ṣé ìkà wá ni àwa tá ò ra ìkòkò?

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mọ́ṣúdù, ọmọ ọdún méje, ṣubú nídìí tábìlì ní kíláàsì Sìdíkàt. Ojú rẹ̀ yí, ó payín keke, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọ̀gá pariwo pé gìrì ni. Ta ni ò mọ ìtọ́jú gìrì? Alákàrà wà lẹ́nu géètì, iná rẹ̀ ń jó. Èmi ni mo gbé ọmọ, èmi ni mo na ẹsẹ̀ rẹ̀ síná. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá wa ṣe ń ṣe é.

Sìdíkàt já a gbà lọ́wọ́ mi. Nọ́ọ̀sì kan ti kọ́ wọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà pé omi là á dà sí ẹni tí ooru bá gbé ṣubú. Ó tẹ́ ẹ sábẹ́ igi, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sáré gbé ìkòkò yẹn jáde, ó da gbogbo omi inú rẹ̀ sí i lára. Mo gbá Sìdíkàt létí. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbá a. Omi tútù lára ọmọ tí gìrì mú, ikú la mọ̀ ọ́n sí. Kò tiẹ̀ wò mí. Ó ń sunkún, ó ń fi ìwé fẹ́ ọmọ.

Asiata aláró, ìyá ọmọ, sáré dé, aró ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ta ló da omi sí ọmọ òun lára. Gbogbo wa nàka sí Sìdíkàt. Ó di aṣọ rẹ̀ mú lọ́rùn, ó ń gbọ̀n ọ́n, ó ń ké pé ó ti pa á. Orí ìyẹn ni wọ́n wà tí Mọ́ṣúdù fi lajú, tó ní òùngbẹ ń gbẹ òun.

Nílé-ìwòsàn, dókítà wo àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tó bó. Ó ní kì í ṣe gìrì, ooru kíláàsì ló mú un.

"Omi yẹn ló gbà á là. Ká ní ẹ jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu iná ni, òkú ni ẹ̀ bá gbé wá."

Asiata kúnlẹ̀ fún Sìdíkàt. Ọ̀gá ní láti ọ̀la, kí gbogbo wa máa lọ sábẹ́ igi. Èmi fara ti ògiri. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà ni Títílọlá mi kú, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó ti ilé-ìwé dé nínú oòrùn ọ̀sán, ara rẹ̀ gbóná janjan, ojú rẹ̀ yí. Mo na ẹsẹ̀ rẹ̀ síná títí ó fi dákẹ́.

"Sìdíkàt," mo ní, "Títílọlá tèmi ńkọ́?"

Kò parọ́ fún mi pé gìrì ló pa á. Ó di ọwọ́ tí mo fi gbá a létí mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí a fi délé.