Oògùn tó ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà nínú ara

Daddy mi, ọdẹ tó ń fi ewé dá ẹ̀jẹ̀ dúró, gbọ́ nípa oògùn tuntun kan lónìí!

Àbúrò mi obìnrin tó ń kọ́ nípa oògùn ní yunifásítì ló wálé sí Ọ̀fà. Ó ní wọ́n ń ṣe oògùn kan tó kéré débi pé ojú ò lè rí i. Wọ́n á gún un sí iṣan ẹni tó fara pa, á sì wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà nínú lọ, kó lè dá a dúró.

Daddy ní, "Ta ló júwe ibẹ̀ fún un?"

"Ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì máa ń kóra jọ síbẹ̀, Daddy. Òun ló máa lẹ̀ mọ́."

Daddy dárúkọ Ráfíù.

Àbúrò wa Ráfíù já bọ́ lórí ọ̀pẹ nígbà kan ní Òjòkú. Daddy gún ewé, wọ́n yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò, wọn ò rí ojú ọgbẹ́ tí wọ́n máa fún un sí. Inú ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kú.

Daddy bi àbúrò mi pé, "Ṣé oògùn yẹn ti dé ọsibítù?"

"Rárá, sà. Ara eku ni wọ́n ṣì ti ń dán an wò."

Daddy tó ti ń dẹ pàkúté fún eku láti kékeré ní, "Bá mi kí eku yẹn. Ní mo ní ó ṣeun."

Ẹ gbà mí, kí lẹ máa fèsì ká ní ẹ̀yin ni?