Ìdájí Ni Àtinúkẹ́ Ń Kọ̀tàn

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín: bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo agboolé mọ̀ pé ìyà ń jẹ yín, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú pé ẹ ń pariwo. Ẹ kàn jókòó lẹ́yìn ilé ní ìdájí, ẹ fọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ máa wo fóònù. Kí oòrùn tó yọ, wọn á ti mọ irú ìyà tó ń jẹ yín, wọn á ti mọ ẹni tó fi ń jẹ yín, wọn á sì ti mọ ilé tí àlè ọkọ yín ń gbé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àtinúkẹ́ nìyẹn, ìyàwó Abdulmujeeb jórinjórin, ní agboolé Ìyàndá nínú ìlú Ẹdẹ yìí.

Télọ̀ ni Àtinúkẹ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lójú ọ̀nà Òkè Gàdà, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ló sì ń rán jù. Ọmọ méjì ló bí, Ibtisam àti Akóredé. Òun àtàwọn ọmọ àti ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ni wọ́n jọ ń gbé. Láti kékeré ni ìtàn ti máa ń wù ú kọ. Ọdún ń wá, ọdún ń lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Ẹ jẹ́ kí n ráyè ná." Àyè! Àyè wo? Ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà á jókòó tì í lórí bí ẹni ń ṣọ́ ẹran lórí iná. Nílé, ọbẹ̀ ń pè é, ọmọ ń pè é, ọkọ ń bèèrè ibi tí ṣòkòtò iṣẹ́ òun wà, ṣòkòtò tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Ó gbìyànjú òru, oorun gbé e lọ kó tó kọ orúkọ ẹni àkọ́kọ́ tán. Ó ní kí òun máa fi ọjọ́ Sọ́ńdè kọ ọ́. Ta ni yóò wá bá a lọ síbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó? Ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ kò níye, èyí tó parí kò sí.

Ọlọ́run ló rán Olúgbénga sí i. Olúgbénga yìí ń ṣe ètò ní ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Òṣogbo, ó wá rán bùbá àti ṣòkòtò. Bí Àtinúkẹ́ ti ń wọn apá rẹ̀ ló ń sọ ìtàn kan fún un, ìtàn ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́ àti ìyá ọkọ rẹ̀ ẹlẹ́nu bí abẹ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Òkè. Àtinúkẹ́ wọn apá tán, ó wọn àyà tán, Olúgbénga ò rántí sọ apá kalẹ̀.

"Ìyá Ibtisam, ẹ kọ nǹkan yìí sílẹ̀," ó ní. "Ẹ máa fi apá kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi lórí wásáàpù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, màá máa kà á lórí rédíò láàárọ̀ Sátidé. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ bá fò, ẹlòmíràn ni màá gbé àyè yẹn fún o. Àwọn tó ń dúró dè é pọ̀."

Àtinúkẹ́ gbà, àmọ́ ó bẹ̀ ẹ́ pé kó má dárúkọ òun. Ìdí ni pé Ìyá Òkè inú ìtàn, ẹnu Màmá ló fi ń sọ̀rọ̀. Gbogbo èébú tí Màmá mọ̀ ọ́n bú, gbogbo òwe tí wọ́n fi ń gún èèyàn lára, Àtinúkẹ́ ti kó o sí Ìyá Òkè lẹ́nu. Ta ló máa ṣe irú ẹ̀ tán tó máa jẹ́ kí ìyá ọkọ mọ̀? Ó fẹ́ràn Màmá, Màmá náà fẹ́ràn rẹ̀, kò sì fẹ́ kí nǹkan kan ba èyí jẹ́.

Ìgbà tó di pé ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló wá rí i pé àyè kì í wá fúnra rẹ̀, ńṣe là ń já a gbà. Ìdájí ló já gbà. Tó bá ti kírun àsùbáà tán, kí àwọn ọmọ tó jí, á gbé àpótí lọ sẹ́yìn ilé lẹ́bàá kànga, á máa tẹ ìtàn rẹ̀ sórí fóònù. Kò sọ pé dandan ni kó pọ̀. Bó jẹ́ ìlà mẹ́ta ló rí, ó ti dára. Bí kò bá rí nǹkan kan kọ, á ṣáà jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tó yá, ó ti mọ́ ọn lára. Láàárọ̀ tí kò bá kọ nǹkan kan, ńṣe ló máa ń ṣe é bí ẹni tí kò fọ ẹnu. Inú rẹ̀ dùn, ẹ jẹ́ kí n má parọ́. Ó ń kọrin nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, àwọn oníbàárà sì ń wò ó pé kí ló ṣe ẹni yìí.

Láàárọ̀ Sátidé, gbogbo agboolé á pé jọ sídìí rédíò Màmá. Màmá ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni húkọ́. "Ìyá Òkè burúkú yìí!" wọn á ní. "Ọlọ́run á mú un!" Àtinúkẹ́ á máa fọ abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á di ẹ̀rín mọ́ ẹnu.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí Ìyá Òkè lé Àbẹ̀kẹ́ jáde nílé, tí ọmọ náà lọ jókòó sẹ́bàá odò, tí kò mọ ibi tí yóò lọ. Bí Àtinúkẹ́ ti ń kọ ọ́ ni omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Kò tìtorí ìyẹn dáwọ́ dúró. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ibẹ̀ ni Ìyá Naimat, aládùúgbò wa, ti wá fa omi tó bá a. Ó rí omijé, ó rí fóònù, ó rí ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́. Kò bèèrè nǹkan kan. Ó fa omi rẹ̀, ó lọ. Kó tó délé, òun náà ti kọ ìtàn tirẹ̀ tán, kò sì gbà á ní ọ̀sẹ̀ kankan. Ṣebí Abdulmujeeb ló ń lọ Sẹkọna lójoojúmọ́ láti ìgbà tó ti gba iṣẹ́ géètì níbẹ̀? Géètì wo ni kì í parí?

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ló sọ fún Màmá. "Mujeeb ti ní obìnrin ní Sẹkọna. Ìyàwó ti rí i nínú fóònù, ẹkún ló ń sun lẹ́bàá kànga."

Ọ̀rọ̀ náà dun Màmá dé eegun. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè, bí Àtinúkẹ́ bá ti jókòó, Màmá á gbé àpótí tiwọn wá, wọn á jókòó tì í, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Fi fóònù yẹn sílẹ̀, má wò ó mọ́." Àtinúkẹ́ rò pé torí ojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀, pé fóònù kì í jẹ́ kójú dá. Á fi fóònù sápò. Màmá á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ojú àwọn náà ti rí màbo nílé ọkọ, bí wọ́n ṣe fara dà á, bí Ọlọ́run ṣe dá wọn láre. Àtinúkẹ́ ń ṣe "hẹ̀ẹ́n, Màmá, hẹ̀ẹ́n," ilẹ̀ ń mọ́, Akóredé ti ń ké nínú ilé pé òun ò rí ìbọ̀sẹ̀.

Nígbà tó fi máa di Tọ́sìdè, kò tíì kọ ìlà kan. Àbẹ̀kẹ́ ṣì wà lẹ́bàá odò. Olúgbénga fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ìyá Ibtisam, mi ò tíì rí nǹkan kan o. Tó bá fi máa di alẹ́ ọ̀la tí kò dé, ẹ má bínú, màá gbé e fún ẹlòmíràn." Ọkàn Àtinúkẹ́ bàjẹ́. Ohun tó ti ń wá láti kékeré, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ló tún fẹ́ bọ́. Bó bá sì jẹ́ òṣìkà ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ì bá bá a jà. Aláàánú ni, báwo lèèyàn ṣe ń lé aláàánú dìde?

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n ti ti mọ́sálásí dé, Bàbá Ìyàndá, olórí agboolé, ránṣẹ́ pe tọkọtaya náà sí pálọ̀ wọn. Màmá ti wà níbẹ̀. Ìyá Naimat náà ò gbẹ́yìn, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Mujeeb," Bàbá Ìyàndá ní, "ta ni obìnrin Sẹkọna?"

"Obìnrin wo, Bàbá?"

"Mo ní ta ni!"

"Wọ̀láhì, Bàbá, Alhaji tó ni géètì nìkan ni mo mọ̀ ní Sẹkọna, onírùngbọ̀n sì ni!"

"Má fi wá ṣẹ̀sín!" Màmá figbe ta. "Ìyàwó rẹ ń sunkún ní ìdájí, ìwọ wà nínú ilé, ò ń hanrun!"

Òógùn bo Abdulmujeeb. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Ibtisam, kí ni mo ṣe fún ẹ?"

Ìgbà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Àtinúkẹ́. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fẹ́ pa á, ẹ̀rù sì lé ẹ̀rín lọ. Bó bá dákẹ́, ọkọ rẹ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ á jẹ̀bi. Bó bá sọ̀rọ̀, Màmá á mọ ẹni tí Ìyá Òkè fi ẹnu jọ. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ dákun, Bàbá, kò sí obìnrin kankan níbì kankan. Ìtàn ni mò ń kọ."

"Ìtàn kí ni?"

"Ti rédíò. Ti Àbẹ̀kẹ́. Èmi ni mò ń kọ ọ́."

Màmá dìde nàró.

"Ìwọ!" wọ́n ní. "Ìwọ lo fi Àbẹ̀kẹ́ sílẹ̀ lẹ́bàá odò láti Sátidé! Ọmọ ọlọ́mọ! Mo ń ṣàdúà fún un lórí ẹní ìkírun mi, mo ní kí Ọlọ́run rán ẹni rere sí i, àṣé ìwọ tó yẹ kó rán ẹni náà lo jókòó tì mí lẹ́bàá kànga!"

"Màmá, ẹ̀yin lẹ jókòó tì mí," Àtinúkẹ́ ní. "Láti Mọ́ńdè ni mo ti fẹ́ rán ẹni náà. Tí mi ò bá kọ ọ́ ránṣẹ́ kílẹ̀ òní tó ṣú, wọ́n máa gba ètò náà lọ́wọ́ mi."

Màmá wo oòrùn lójú fèrèsé. Wọ́n yíjú sí gbogbo èèyàn. "Ìpàdé ti parí. Ẹ dìde."

Bàbá Ìyàndá ní àwọn ò tíì ṣe àdúà ìparí.

"Ẹ lọ ṣe é níta."

Bí Màmá ṣe lé gbogbo wọn jáde nìyẹn, títí kan ẹni tó ni pálọ̀. Ìyá Naimat ń wá ibi tí yóò fi ojú sí; wọ́n ní kó lọ dáná fún àwọn ọmọ Àtinúkẹ́. Abdulmujeeb, tí ẹnikẹ́ni ò tíì bẹ̀, ni wọ́n rán lọ sí ṣọ́ọ̀bù kó lọ máa sọ fún àwọn oníbàárà pé télọ̀ ò sí níbẹ̀. Ṣé wọ́n bẹ̀ ẹ́ nígbẹ̀yìn? Mi ò mọ̀ o, ẹ má bi mí.

Ó wá ku Àtinúkẹ́ nìkan ní pálọ̀. Nǹkan kan ò kọ́kọ́ wá. Ó ṣe bó ṣe máa ń ṣe ní ìdájí: ó ṣáà jókòó síbẹ̀. Ìlà kan wá, òmíràn tẹ̀ lé e. Níta, ó ń gbọ́ ohùn Màmá tí wọ́n ń dá ẹnì kan padà: "Kò ráyè. Mo ní kò ráyè!" Kí wọ́n tó pe ìrun Màgáríbì, ẹni rere ti fi ọkọ̀ ojú omi dé etí odò, Àbẹ̀kẹ́ sì ti wọ inú rẹ̀. Àtinúkẹ́ fi ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí Olúgbénga dáhùn pé ó ti dé, kó jẹ́ kó máa bọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni Màmá wọlé, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

"Ìyá Òkè yẹn," wọ́n ní, "ṣé èmi ni?"

Àtinúkẹ́ kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ foríjì mí. Ìwà yín kọ́ o. Ẹnu yín nìkan ni mo yá."

Ló bá di pé ẹ̀rín bẹ́ lẹ́nu Màmá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. "Mo ní mo ti gbọ́ èébú yẹn níbì kan rí! Àmọ́ o ò lò ó dáadáa, ọmọ yìí. Ìyá Òkè ò tíì bú èèyàn rárá. Èyí tó múná nínú rẹ̀, o ò tíì gbọ́ ọ. Tó bá yá, màá kọ́ ẹ."

Àtinúkẹ́ dì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó tún gbé àpótí rẹ̀ lọ sẹ́bàá kànga lẹ́yìn àsùbáà. Ìyá Naimat wá fa omi, ó ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn bí ẹni wọ yàrá ọmọ tuntun. Màmá jáde wá fún adìyẹ lóúnjẹ. Àtinúkẹ́ gbójú sókè, ó sún díẹ̀ kí wọ́n lè ráyè jókòó. Wọn ò jókòó. Wọ́n dúró, wọ́n wò ó níbi tó ti ń tẹ fóònù.

"Àtinúkẹ́," wọ́n ní, "kú iṣẹ́ o."

Láti ọjọ́ tó ti wọ agboolé yìí, wọ́n ti kí i bẹ́ẹ̀ nídìí ẹ̀rọ, nídìí ààrò, nídìí aṣọ tó ń fọ̀. Ẹnikẹ́ni ò kí i rí nídìí èyí. Nígbà tó fi máa dáhùn, Màmá ti wà lọ́hùn-ún láàárín àwọn adìyẹ.

"Ẹ ṣé, Màmá," ló sọ tẹ̀ lé wọn, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.